Ìròyìn Òótọ́ ni Odi Àdúgbò

Ní ayé àtijọ́, ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà wà láìní odi. Àwọn baba ńlá wa a máa mọ odi amọ̀ yí ìlú wọn ká, wọn a gbẹ́ yàrà sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì fi oníbodè sí ẹnu ọ̀nà. Àlejò tí ó bá fẹ́ wọ ìlú yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníbodè, oníbodè yóò sì bi í léèrè pé, ‘Níbo ni o ti ń bọ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni o ń lọ? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà tí o gbà wá?’ Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ìbéèrè kẹta yẹn. Oníbodè kò jókòó síbẹ̀ nítorí owó ibodè nìkan. Etí ìlú ni. Bí ogun bá ń bọ̀, tàbí bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ń jà ní ìlú kejì, òun ni yóò gbọ́ ṣáájú ọba. Nítorí náà, odi méjì ni ìlú ní: odi amọ̀ tí ojú rí, àti odi ìròyìn tí ojú kò rí.

Odi amọ̀ ti wó. Òjò ti wẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, ilé àti ọ̀nà ọkọ̀ sì ti bo èyí tí ó kù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé odi kejì náà ti di ohun àtijọ́. Lójú tèmi, ní ibi tí èrò pọ̀ tó ti Èkó, ìròyìn òótọ́ láàrin aládùúgbò ni odi kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù fún wa. Níbi tí odi yìí bá sì ti ya, ẹ̀mí ènìyàn ni ó máa ń bá a lọ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, nítorí pé ẹ̀yin ni oníbodè ọ̀la.

Àdúgbò Aswani ni mo ń gbé, láàrin Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìsọlọ̀ jẹ́ ìlú àtijọ́ ti àwọn Àwórì, Ọ̀sọ́lọ̀ sì ni oyè ọba wọn. Ṣùgbọ́n Aswani kì í ṣe orúkọ Àwórì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ Yorùbá rárá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ni, láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣọ pọ̀ ní agbègbè Ìsọlọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ kò bá wọn lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ọjà Aswani bá kún, ènìyàn tí ó bá jí lórí oorun ọ̀sán lè rò pé gbogbo Èkó ni ó ti wá ra aṣọ lẹ́nu ọ̀nà òun.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àwa tí a ń gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbò, Ègùn àti Hausa wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ni ó kó àwọn kan wá, ilẹ̀ tí wọ́n rà ni ó so àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Ní agbo ilé àtijọ́, ènìyàn kò níláti wá ìròyìn lọ. Bí ọmọ bá ṣubú ní ìyàrá kan, gbogbo ìyàrá ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan kò bá jáde ní òwúrọ̀, wọn a ti kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n nínú àdúgbò tiwa, olúkúlùkù ni ó mọ ògiri ga yí ilé rẹ̀ ká, tí ó sì fi àfọ́kù ìgò sí orí rẹ̀. Ògiri náà ń dá olè dúró níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ó ń dá ìròyìn dúró pátápátá. Ènìyàn lè gbé ọdún mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan kí ó má mọ̀ ju ìró jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó rọ́pò àgbàlá agbo ilé fún wa ni ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù, a ó gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà alága, a ó gbàdúrà ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, akọ̀wé yóò ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, akápò yóò sọ iye owó tí ó wọlé àti iye tí ó jáde, ìjà díẹ̀ yóò sì ṣẹlẹ̀ lórí iye tí ó jáde. Lẹ́yìn náà ni alága yóò wá béèrè pé, ‘Kí ni ìròyìn?’ Lójú tèmi, ìgbà náà gan-an ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan a dìde, a ní gọ́tà ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí, òjò tí ó bá tún rọ̀ yóò wọ ilé àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn a ní okùn iná mànàmáná kan ti já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, kí gbogbo òbí kìlọ̀ fún ọmọ wọn títí àwọn oníná yóò fi dé. Ìyá kan a ní ayálégbé òun bí ìbejì, a sì dá ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bàbá kan a ní òun rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ òfìfo tí ó wà ní ìkọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ti rà á, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ni ín wà ní òkè òkun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ tà á. Ẹ ti rí i lára ògiri púpọ̀ ní Èkó bí àwọn onílé ti ń kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé àwọn kì í ṣe títà. Ìròyìn bàbá yìí ni ó ń fa irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2016 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tí ó de àwọn ajagungbalẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú ti ara rẹ̀; aládùúgbò ni ojú tí òfin fi ń ríran.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ a máa fi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn arúgbó kàn ń jókòó sọ̀rọ̀ gọ́tà ni. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí ọjà ti ń tú, kí ẹ tó pinnu bóyá ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni.

Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lé èjìká, ó sì ń yára gba àárín èrò kọjá. Lójijì ni ẹnì kan ké pé, ‘Olè!’ Títí di òní, kò sí ẹni tí ó lè sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ké e. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti ya ẹ̀wù mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń jáde ní imú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan láàrin igbe ọgọ́rùn-ún ènìyàn? Olúkúlùkù ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ni ó jí, ẹnì kejì a sì dáhùn pé jẹnẹrétọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó jí i. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n wá táyà. Ẹni tí ó bá mọ Èkó mọ ohun tí a ń fi táyà ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tí ó ń ta ẹ̀wà ní etí títì ni ó gba àárín wọn wọlé, ìpọnwà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe ọmọ náà ní orúkọ. Ó ní, ‘Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ojúlé kẹta sí ìkọ̀rọ̀ ni. Àárọ̀ yìí ni ó jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ó bá ní olè ni, kí ó jáde wá sọ ohun tí ó jí àti ilé tí ó ti jí i.’ Kò sí ẹni tí ó jáde. Àwọn kan sáré lọ pe ọ̀gá náà, ó dé pẹ̀lú ọ̀rá ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, ó ní oníbàárà ni ó ń dúró de ẹrù náà, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí ọmọ náà yára. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èrò ti túká. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bẹ ọmọ náà.

Ẹ wò ó, ìmọ̀ tí ìyá yìí ní kò ju orúkọ ọmọ kan àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò kà á nínú ìwé. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé kì í bu ẹ̀wà fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó dúró láàrin ọmọ náà àti ikú.

Bí àìsí ìròyìn òótọ́ bá lè fẹ́ pa ẹnì kan ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ni ó lè ṣe sí ìlú ńlá ní òru kan? Àwa ará Ìsọlọ̀, Èjìgbò àti Oṣòdì kò níláti ro ìdáhùn rẹ̀. Ojú wa rí i.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ní ìrọ̀lẹ́, iná mú ibi tí a kó àwọn ohun ìjà jọ sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ilẹ̀ mì tìtì. Dígí fèrèsé fọ́ ní ibi tí ó jìnnà réré sí Ìkẹjà, ojú ọ̀run sì pọ́n bí ẹni pé oòrùn fẹ́ padà là. Ní Aswani tí a wà, ìlẹ̀kùn ń gbá ara wọn láìsí afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ogun ti dé, àwọn kan ní àwọn sójà ti tún fẹ́ gba ìjọba, àwọn kan sì ní òpin ayé ni. Ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká ti GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí ó ní in kò sì tíì pọ̀. Ìró bọ́ǹbù yára ju ìròyìn lọ ní òru náà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ìyá gbé ọmọ kan pọ̀n, ó fa èkejì lọ́wọ́, ẹ̀kẹta sì já sọnù láàrin èrò. Wọ́n ń sá kúrò níbi tí ìró ti ń wá, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba apá Òkè-Afá. Kánààlì ńlá kan wà níbẹ̀, láàrin Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko tí ń léfòó sì ti bo ojú omi náà débi pé, nínú òkùnkùn, ó dà bí pápá oko. Àwọn tí ó wà níwájú fi ẹsẹ̀ tẹ ewéko, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé omi wà níwájú, wọ́n ń tì wọ́n lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ènìyàn ni a ń gbé jáde nínú omi, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Àwọn tí ó kú ní Èkó nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní 1,000. Kì í ṣe bọ́ǹbù ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Omi ni. A kọ́ ibi ìrántí kan fún wọn ní Òkè-Afá, àwọn ẹbí wọn a sì máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní.

Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe dá àwọn òkú wọ̀nyí lẹ́bi, kí ó má sì sọ pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ tí kò sá kò tíì gbọ́ ìró rí. Ohun tí wọ́n ṣe aláìní kò ju gbólóhùn méjì lọ. Èkínní ni pé, ‘Bárékè Ìkẹjà ni ó ń jó, ogun kọ́.’ Èkejì ni pé, ‘Omi wà níwájú, ẹ padà.’ Àwọn tí ó mọ gbólóhùn kejì yìí wà. Gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí kánààlì náà ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ kò mọ ara wọn, kò sì sí ẹnu tí ó so wọ́n pọ̀.

Ní ìkóríta àdúgbò tiwa, mo rí ohun tí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Bàbá tí ó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wa nígbà náà, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aláṣọ, mú àtùpà, ó sì dúró sí àárín ọ̀nà. Kò mọ ohun tí ó ń bú, kò sì ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ń wí fún àwọn tí ó ń sá kọjá pé, ‘N kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó wà níwájú. Omi ni. Ẹ yà sínú ọgbà mi.’ Àwọn kan tì í sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n kọjá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jẹ́ aládùúgbò mọ ohùn rẹ̀. Ohùn tí ó máa ń dá wọn lẹ́bi lórí owó gọ́tà ni, wọ́n sì mọ̀ pé kì í purọ́. Wọ́n yà, àwọn àlejò kan sì tẹ̀lé wọn. Ènìyàn bí ogójì ni ó sùn sí abẹ́ igi máńgòrò náà ní òru ọjọ́ yẹn. Ẹ rántí igi náà: abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń sọ̀rọ̀ gọ́tà.

Ẹnì kan lè wí pé, ‘Ìyẹn ti di àná. Lónìí, tẹlifóònù wà lọ́wọ́ ọmọdé àti àgbà. Irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣú mọ́.’ Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Ní ọdún yìí, tẹlifóònù ti pọ̀ lọ́wọ́ wa ní tòótọ́. Kí ni ó gbé wá? Ní oṣù kẹjọ, ìròyìn kan tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè ní òru kan ṣoṣo pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, pé òun ni oògùn Ẹ̀bólà. Ìyá ń jí ọmọ lójú oorun, ọmọ ń pe bàbá tí ó wà ní oko. Irọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn tí ó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn tí ó fẹ́ràn wọn ni.

Ṣé ẹ rí i nísinsìnyí? Ní ọdún 2002, àìsí ìròyìn ni ó pa ènìyàn. Ní ọdún 2014, àpọ̀jù ìròyìn tí kò ní olúwa ni ó pa ènìyàn. Tẹlifóònù kò kó odi wa padà fún wa. Ó kàn mú kí ohun tí ń bọ̀ lọ́nà yára sí i ni.

Kí ni ó wá lé Ẹ̀bólà lọ? Àkọ́kọ́ ni pé àwọn oníṣègùn kan ní Èkó kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde ní ilé ìwòsàn, bí a tilẹ̀ ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wà nínú wọn. Àrùn náà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Èkejì ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n wá ènìyàn 894 tí ó ti fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò nígbà tí ó tó 18,500. Wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn, wọ́n ń béèrè orúkọ, wọ́n ń wo ara tí ó gbóná. Ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, a kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Bí ìyá ẹlẹ́wà ti gba ọmọ kan là ni wọ́n gba ìlú là: wọ́n béèrè orúkọ, wọ́n sì lọ wò ó fúnra wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàrin ìròyìn àti òfófó, nítorí pé wọ́n jọ ń gba ẹnu kan náà jáde. Ẹni tí ó ní ayálégbé òun ń pẹ́ kí ó tó wọlé lálẹ́, pé ta ni ó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀, òfófó ni ó sọ. Ẹni tí ó ní ayálégbé òun tí ó máa ń wọlé ní aago méje kò tíì wọlé ní aago méjìlá, kí a lọ wá a, ìròyìn ni ó sọ. Òfófó ń wá ohun tí yóò fi ẹnì kejì ṣe ẹlẹ́yà, ìròyìn ń wá ohun tí yóò fi ràn án lọ́wọ́. Àdúgbò tí ó kún fún òfófó burú ju èyí tí ó dákẹ́ lọ, nítorí pé ní ọjọ́ tí ewu bá dé, kò sí ẹni tí yóò gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ mẹ́rin ni mo fi lé yín lọ́wọ́, kò sì sí èyí tí ó gba owó nínú wọn. Èkínní, ẹ mọ àdúgbò yín. Ẹ mọ ibi tí omi ń gbà, ẹ mọ ọ̀nà tí ó ní òpin àti èyí tí ó já sí títì, ẹ sì mọ ilé tí afọ́jú tàbí arúgbó ń gbé. Ẹ mọ̀ pé 767 àti 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà pàjáwìrì. Èkejì, ẹ mọ orúkọ. Ẹ kí àwọn ará àdúgbò yín ní òwúrọ̀, ẹ má ṣe fo ọmọ iṣẹ́ tàbí ọlọ́dẹ alẹ́. Ẹ̀kẹta, bí ìròyìn bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ṣe bí oníbodè: ẹ bi í ní ibi tí ó ti ń bọ̀. Ta ni ó fojú ara rẹ̀ rí i? Níbo ni? Ní ọjọ́ wo? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe ṣí ìlẹ̀kùn fún un láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin, ohun tí ẹ bá mọ̀ dájú tí ó lè gba ènìyàn là, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ mọ̀, kí ẹ má fi kún un. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn wí pé, ‘Èyí ni mo mọ̀, n kò mọ èyí tí ó kù.’

Àwọn àgbà a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òwe gidi ni, èmi pẹ̀lú sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó bá irọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́ kò lè jí ẹni tí ó ti rì sómi dìde. Ojúṣe wa ni láti mú kí òótọ́ tètè dé, nígbà tí àwọn tí ó nílò rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀. Àwọn baba wa fi amọ̀ mọ odi tiwọn. Ẹnu tí kì í purọ́ àti etí tí ó ń béèrè ni àwa yóò fi mọ tiwa, a sì níláti bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé tí a ń gbé.